Ìtanilólobó Ọ̀fẹ́, Àwárí Ojú Ìkànnì, Tàbí Irinṣẹ́ Olówó: Ìfiwéra fún Oníṣòwò Ìbàdàn

Ká ní oníbàárà kan kúrò nílé oúnjẹ kan ní Bódìjà, ó wọ mọ́tò, ó sì gbé fóònù rẹ̀ jáde láti kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sójú ìkànnì, láìfi àmì ohùn kankan sí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe:

mo lo jamala ni bodija loni, gbegiri yen ti kan

Ẹni tó ni ilé oúnjẹ yìí yóò fẹ́ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó ràn ká. Ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà mọ̀. Èkíní ni Google Alerts, tó máa ń fi ímeèlì ta ènìyàn lólobó lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì ni kí ó fúnra rẹ̀ máa ṣe àwárí nínú àpótí ìṣàwárí tó wà lójú X (tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀), Facebook, Instagram tàbí TikTok. Ẹ̀kẹta ni kí ó sanwó fún irinṣẹ́ tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ láti ọ̀pọ̀ ìkànnì sí ojú kan, irú bíi Brand24, Meltwater àti Brandwatch. Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé irinṣẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Èrò tèmi yàtọ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ní kí irinṣẹ́ máa wá ló ń pinnu ohun tí yóò rí, àkójọ tí a sì ṣe fún àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kì í bá ọ̀nà tí ará Ìbàdàn ń gbà kọ̀rọ̀ mu. Nítorí náà, gbólóhùn gbẹ̀gìrì yìí ni n óò fi dán ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.

Ibi tí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan dé

Google Alerts ti wà láti ọdún 2003, lílò rẹ̀ kò sì ṣòro. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí ó máa ṣọ́, ẹ ó sì yan bóyá kí ó máa ránṣẹ́ ní kété tó bá ti rí nǹkan, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ tún lè yan irú ojú ìwé tí yóò máa wò, èdè, orílẹ̀-èdè, àti bóyá kí ó fún yín ní gbogbo ohun tó rí tàbí kí ó ṣà wọ́n fún yín. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe dè é mọ́ èdè kan tàbí orílẹ̀-èdè kan, nítorí ọmọ Ìbàdàn tó wà ní London náà ń sọ̀rọ̀ nípa Bódìjà. Ohun tí ó ń ṣọ́ ni ojú ìwé tí ẹ̀rọ Google ti kà: ìwé ìròyìn, búlọ́ọ̀gì, ojú òpó ilé iṣẹ́, àti ibi ìjíròrò gbangba bíi Nairaland, tó ti wà láti ọdún 2005. Kì í wọ ibi tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé kí ó tó lè kàwé. Ó ṣòro kí gbólóhùn gbẹ̀gìrì wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àyàfi bí oníròyìn kan bá gbé e.

Àpótí ìṣàwárí X yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Bí ẹ bá ti wọlé pẹ̀lú àkáǹtì yín, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lè jáde lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Latest sí. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í pe ènìyàn. Ẹ̀yin lẹ óò máa lọ bá a. Ẹ lè fi àwárí kan pamọ́ kí ẹ má baà máa tún un kọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ní láti tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Tẹ́lẹ̀, TweetDeck ni ọ̀pọ̀ oníròyìn ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ láti to àwárí bíi mélòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n ti sọ ọ́ di X Pro, láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 sì ni ó ti di ti ẹni tó bá sanwó.

Ti Facebook le díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwárí ibẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo gbé ohun tuntun ṣáájú, ohun tí ẹnì kan bá sì fi mọ sáàárín ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní hàn sí yín. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò náání: alábòójútó ẹgbẹ́ lórí Facebook lè fi ìtanilólobó sí ọ̀rọ̀ tó bá wù ú, kí Facebook máa sọ fún un nígbàkígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kọ ọ̀rọ̀ náà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kan ní Àpáta, tí kò fẹ́ ju pé kí ó mọ ìgbà tí àwọn ará àdúgbò bá ń ráhùn nípa omi tàbí iná, kò nílò irinṣẹ́ mìíràn. Ní ti Instagram àti TikTok, ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò àti fídíò ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ìbàdàn sì jẹ́ ìlú rédíò. Ẹjọ́ tí ẹnì kan pè wọlé rò lórí ètò àárọ̀ a máa di fídíò lójú Facebook kí ọ̀sán tó pọ́n, bí ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò bá sì kọ orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀, kò dájú pé àwárí kankan yóò mú un jáde.

Irinṣẹ́ olówó ló ń ṣe ohun tí àwọn méjì ìṣáájú ń pín ṣe: ó ń wo ọ̀pọ̀ ibi, ó sì ń ta ènìyàn lólobó. Meltwater bẹ̀rẹ̀ ní Norway ní ọdún 2001, Brandwatch ní Brighton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2007, Brand24 sì wá láti Poland. Ohun tí àwọn tó ń tà wọ́n kì í tètè sọ ni pé ojú irinṣẹ́ wọn kò lè kọjá ibi tí oníkànnì bá gbà á láàyè dé. Ní ọdún 2023, X bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa fi ẹ̀rọ kó ọ̀rọ̀ láti ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2024, Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, pa CrowdTangle, irinṣẹ́ tí àwọn oníròyìn àti olùṣèwádìí ń fi wo ojú ewé gbangba lórí Facebook àti Instagram. Meta Content Library tó rọ́pò rẹ̀ wà fún olùṣèwádìí yunifásítì àti àjọ tí kì í wá èrè. Olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn lè kọ̀wé béèrè fún un, ṣùgbọ́n kò sí fún ẹni tó ń ta àmàlà. Ní ti WhatsApp, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ ibẹ̀ pa láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á, kò sì sí ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè wò ó. Ẹni tó bá sọ fún yín pé irinṣẹ́ òun ń ka ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́ WhatsApp tí òun kò sí níbẹ̀, ẹ má ṣe fún un lówó.

Orúkọ tí gbogbo ayé ń jẹ́

Ká ní Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe ilé oúnjẹ náà. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ méjì yìí nìkan ṣe àwárí, gbogbo ìyá tó bí ìbejì nílẹ̀ Yorùbá ni yóò jáde, àti ìròyìn Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà. Bí ẹ bá pa orúkọ tì tí ẹ lọ sórí oúnjẹ, ẹ óò bá Amala Paul, òṣèré fíìmù ará Íńdíà, níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ó ṣáà ti jẹ́ Ìbàdàn, ìròyìn sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn yóò bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Challenge ló jìyà jù, nítorí gbogbo ìdíje ijó orí TikTok ló ń jẹ́ challenge. Ẹni tó ń ṣọ́ UI nítorí yunifásítì yóò pàdé àwọn tó ń ya ojú áàpù, tí àwọn náà ń pe iṣẹ́ wọn ní UI. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars náà kò gbẹ́yìn, nítorí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ lójú sánmà ni yóò kún ibẹ̀. 3SC ni kí olólùfẹ́ wọn lò.

Ohun mẹ́ta ni Google Alerts, X àti irinṣẹ́ olówó jọ ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn irinṣẹ́ olówó mìíràn ń kọ ìkẹta ní NOT. Àmì àyọlò máa ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ kí wọ́n má baà tú ká. OR tí a fi lẹ́tà ńlá kọ ń gba èyíkéyìí nínú ohun tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Àmì ìyọkúrò tí a lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ láìfi àyè sílẹ̀ ń lé ọ̀rọ̀ náà jáde. Fún Google Alerts, n óò kọ ọ́ báyìí:

"iya ibeji" (amala OR gbegiri OR ewedu) -igboora -"igbo ora"

Fún X, báyìí ni:

(amala OR jamala OR gbegiri OR ewedu) (bodija OR ibadan OR nibadan) -paul -expressway -filter:links

Ẹ wò ó pé orúkọ ilé oúnjẹ wà nínú ti àkọ́kọ́, kò sì sí nínú èkejì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Oníwèé ìròyìn yóò kọ orúkọ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí inú ń bí kì í sábà kọ ọ́. Oúnjẹ àti àdúgbò ló máa dárúkọ, gẹ́gẹ́ bí oníbàárà wa ti ṣe. Ìyọkúrò tó kẹ́yìn nínú ti X ń lé ọ̀rọ̀ tó gbé ojú òpó mìíràn dání kúrò, ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyẹn sì jẹ́ ìròyìn àti ìpolówó, nítorí náà ohun tó kù sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn. Gbólóhùn gbẹ̀gìrì yóò jáde nínú àwárí yìí. Bí ẹ bá jẹ́ kí orúkọ wọ inú rẹ̀, kò ní jáde.

Irinṣẹ́ olówó ní ohun kan tí àpótí ìṣàwárí X kò ní, ìyẹn ni kí ẹ sọ bí ọ̀rọ̀ méjì ṣe gbọ́dọ̀ sún mọ́ra tó. Ní Brandwatch, ẹ lè kọ ọ́ pé:

(amala OR jamala OR gbegiri OR ewedu) NEAR/10 (bodija OR ibadan OR nibadan)

Èyí ń sọ pé kí oúnjẹ àti àdúgbò má jìnnà síra ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ. Ó wúlò púpọ̀ fún ìwé ìròyìn àti búlọ́ọ̀gì gígùn, níbi tí ewédú ti lè wà lókè kí Bódìjà wà nísàlẹ̀ láìní nǹkan ṣe pọ̀. Fún ọ̀rọ̀ kúkúrú ojú X, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àkámọ́ méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyọkúrò náà ní ewu tirẹ̀. Ó dà bí asẹ́ èlùbọ́: bí ihò rẹ̀ bá ti kéré jù, èlùbọ́ gan-an ni yóò kù sókè. Ẹni tó kọ ọ́ pé òun ti expressway wá jẹ àmàlà ní Bódìjà, -expressway ti lé e lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá jẹun ni a tún fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ jù. Ẹ máa yí àwárí náà padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ẹ ti yọ kúrò sínú rẹ̀ láìfi àmì ìyọkúrò sí i, kí ẹ wo ohun tó ti ń bọ́ lọ́wọ́ yín.

Àmì ohùn, ìsúnkì àti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké

Ibí ni ìmọ̀ràn tí a bá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń jáni kulẹ̀. Ẹ mú gbẹ̀gìrì fúnra rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹ̀, ìyẹn e tó ní àmì nísàlẹ̀ àti àmì lókè pọ̀. Ńṣe ni a ń tò ó. Kíbọọ̀dù kan lè kọ ẹ bí odidi lẹ́tà kí ó sì gbé àmì òkè lé e, kí òmíràn kọ e lásán, kí ó fi ti ìsàlẹ̀ sí i, kí ó tó wá fi ti òkè sí i. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan yóò kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ máa fi èyí tí kò ní àmì ṣáájú nínú àkójọ yín, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ, kí ẹ sì fi èyí tó ní àmì kún un nítorí àwọn oníròyìn àti olùkọ́ èdè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irinṣẹ́ kan ń fojú fo àmì, ẹ kọ gbẹ̀gìrì àti gbegiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sójú àkáǹtì yín, kí ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kejì.

Ìsúnkì tún le ju àmì lọ. Ta ló ń kọ “jẹ àmàlà” ní kíkún? J'amala tàbí jamala ni, ra àmàlà a di ramala, ní Ìbàdàn a di nibadan, sí Ìbàdàn a di sibadan. Àwárí tó ń wá amala kò mọ̀ pé jamala ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ olówó ní àmì ìràwọ̀, *, tí a fi ń dípò lẹ́tà tó kù, wọn a sì máa yìn ín púpọ̀, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ ni wọ́n sábà ń gbà á láyè sí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ìsúnkì Yorùbá ti ń ṣọṣẹ́. Kò sí àbùjá; ẹ̀yin fúnra yín lẹ óò kọ àwọn ìsúnkì náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀ ìráhùn. Àwọn olùkọ́ni ní irú iṣẹ́ yìí a máa ní kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ bíi bad, late àti expensive kún àkójọ rẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá tí kò ní àmì. “Kan” tó ba gbẹ̀gìrì oníbàárà wa jẹ́ kò yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ sí “kan” tí a fi ń ka ọ̀kan, kò sì yàtọ̀ sí “kàn” àti “kán”. Ọjà tó wọ́n ti di won, àwọn ènìyàn tí a ń pè ní wọn náà ti di won. Pẹ́, pé àti pè ti di ọ̀kan. Ẹni tó bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìtanilólobó yóò gba ímeèlì títí tí yóò fi pa á tì. Nítorí náà, orúkọ nǹkan ni kí ẹ wá, kì í ṣe ohun tó ṣe nǹkan náà, kí orúkọ náà sì gùn: gbegiri, ewedu, elubo, bodija. Kò sí ohun mìíràn tó ń jẹ́ gbegiri. Bí ó bá jáde, ẹ̀yin fúnra yín kà á kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n yìn ín tàbí wọ́n bú u.

Ti àdúgbò náà fẹ́ ìfarabalẹ̀. X ní ọ̀rọ̀ near: tí a fi ń wá ohun tí wọ́n kọ nítòsí ìlú kan, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2019 ni wọ́n ti yọ ọ̀nà tí ènìyàn lè fi tọ́ka sí ibi gan-an tó dúró sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò, nítorí náà díẹ̀ ni yóò mú wá. Orúkọ àdúgbò tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló dára jù. Bódìjà, Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá lè dá dúró. Ṣáńgo kò lè dá dúró, nítorí Ṣáńgo Ọ̀tà wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bẹ́ẹ̀ ni Ring Road wà ní Benin pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ ní ibadan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìdùnnú, ìbínú àti iye owó

Irinṣẹ́ olówó sábà máa ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyìn, ìbínú tàbí èyí tí kò sí níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún. Nínú ohun tí wọ́n fi ń polówó ara wọn, èyí ni mo fọkàn tán kéré jù fún Yorùbá. “Ó dùn” jẹ́ ìyìn, “ó dùn mí” jẹ́ ẹ̀dùn. “Ẹ kú iṣẹ́ o” tí oníbàárà kọ sábẹ́ fọ́tò ẹran tí kò jinná kì í ṣe ìkíni. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ lé e: ní ọdún 2022, àwọn olùṣèwádìí gbé NaijaSenti jáde, àkójọ ọ̀rọ̀ láti ojú Twitter ní Hausa, Igbo, Yorùbá àti Pidgin, tí a lè fi kọ́ ẹ̀rọ ní ìyàtọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba àwòrán aláwọ̀ ewé àti pupa gbọ́, ẹ ka ogún nínú ọ̀rọ̀ tí irinṣẹ́ ti yà sọ́tọ̀, kí ẹ fi ojú yín wò ó. Ohun kan tún wà fún ẹni tó bá ń wo àwòrán ọdún púpọ̀: láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 sí ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de Twitter ní Nàìjíríà, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ nípa ilé iṣẹ́ yín já wálẹ̀ ní àkókò yẹn, ẹ má ṣe tètè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni.

Fún ilé oúnjẹ kan, ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Gbágì tàbí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, n kò rí ìdí tí a fi ní láti sanwó. Google Alerts kan lórí orúkọ yín, òmíràn lórí orúkọ ẹni tó ni ín, àti àwárí méjì tí ẹ fi pamọ́ lójú X, tí ọ̀dọ́ kan nínú òṣìṣẹ́ yín ń ṣí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ti tó. Ọ̀dọ́ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá; èyí ṣe pàtàkì ju kí ó mọ kọ̀ǹpútà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ máa to orúkọ àti ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà pamọ́ sínú fáìlì, ẹ rántí pé Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan irú àkójọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì pa á rẹ́ nígbà tí ẹ bá ti yanjú ọ̀rọ̀.

Irinṣẹ́ olówó yẹ ẹni tó ní ẹ̀ka ní ìlú púpọ̀, tàbí akọ̀wé ìròyìn iléeṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń béèrè àkọsílẹ̀ lóṣooṣù, tí ó sì gbọ́dọ̀ fi iye ọ̀rọ̀ oṣù yìí wé ti oṣù tó kọjá. Àwọn wọ̀nyí kò lè máa fi ọwọ́ kà á. Ṣùgbọ́n dọ́là ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ yìí ń gbà, láti ìgbà tí wọ́n sì ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye tí ẹ pinnu ní oṣù kìíní lè máà tó mọ́ kí ọdún tó parí. Nínú àwọn irinṣẹ́ náà, Brand24 rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Brandwatch àti Meltwater jẹ́ ti iléeṣẹ́ ńlá, àdéhùn ni wọ́n sì ń bá oníbàárà wọn ṣe. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ fún wọn ní àkójọ ọ̀rọ̀ yín, tìsúnkì-tìsúnkì, kí wọ́n fi wo ọ̀sẹ̀ tó kọjá níṣojú yín, kí ẹ sì fi ohun tó jáde wé ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti rí lọ́fẹ̀ẹ́ lójú X. Bí tiwọn kò bá fi ohunkóhun kún un, ẹ di owó yín mú.